Ọwọ́ Jẹ̀lílì Onírédíétọ̀

Ní ilé wa ní Mushin, ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí gbogbo ayálégbé sì ń lo ilé ìdáná kan ṣoṣo, ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Jẹ̀lílì Onírédíétọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa dí ihò ara rédíétọ̀ mọ́tò. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ọjà Ládípọ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, kò sì sí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà jù ú lọ ládùúgbò. Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà wí pé n kò rí ohun rere kankan lára rẹ̀. Bí rédíétọ̀ bá ń jò, Jẹ̀lílì yóò fi irin gbígbóná yọ́ òjé sí ojú ihò náà, yóò sì fi ọwọ́ lásán tẹ etí rẹ̀ kí òjé náà tó tutù. Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti mú un wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tí kò tíì hu irùngbọ̀n. Ká ní ó fi mọ síbẹ̀ ni, èmi kì bá tí kọ ọ̀rọ̀ kan nípa rẹ̀.

Kò fi mọ síbẹ̀. Jẹ̀lílì ni ó ń sọ ẹni tí ara rẹ̀ gbóná àti ẹni tí ara rẹ̀ kò gbóná nínú ilé wa, nínú ilé kejì, àti ní òpópónà títí dé ibi tí wọ́n ti ń lọ ata.

Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, àwọn ìyá á ti gbé ọmọ wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kí ó tó jáde lọ síbi iṣẹ́. Yóò jókòó sórí àpótí, yóò gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ọrùn ọmọ, yóò gbé e lé ikùn, yóò wá dijú bí ẹni tó ń tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì láti òkèèrè. Nígbà tó bá fi máa lajú, ìdájọ́ ti dé.

“Ó kàn ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Ẹ wẹ̀ fún un, kó máa lọ síléèwé.”

Tàbí: “Ẹ́ńjìnnì ti ń hó o! Ibà ni. Bóyá táífọ́ọ̀dù náà ti dà á pọ̀.”

Bí ó bá ti ní ibà ni, àwọn ìyá á gba kẹ́míìsì lọ, wọ́n á ní kí wọ́n bá àwọn ṣa oògùn ibà pọ̀ sínú ọ̀rá: funfun, yẹ́lò, aláwọ̀ ewé, tí ẹnì kankan nínú wọn kò lè dárúkọ. Èwo ni ti ibà níbẹ̀, èwo ni ti ẹ̀fọ́rí, èwo ni wọ́n fi kún un kí ọ̀rá lè rí bí ọ̀rá? Wọn kì í béèrè. Àwọn kan náà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá fẹ́ ra tòmátì, wọ́n á yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á sì bú ẹni tó ń tà á.

Àwọn ọmọ “ó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́” wọ̀nyí, èmi ni mo ń gbà wọ́n nínú kíláàsì mi. Ọmọ á gbé orí lé tábìlì, ojú rẹ̀ á pọ́n, ètè rẹ̀ á gbẹ. Mo bi ọ̀kan nínú wọn léèrè ìdí tí ó fi wá síléèwé pẹ̀lú ara tí èèyàn lè fi dín ẹyin.

“Bàbá onírédíétọ̀ ní ara mi ò gbóná, mà.”

Ọmọ náà ń gbọ̀n bó ṣe ń sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n tún nǹkan kan ṣe kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Ara gbígbóná kì í ṣe àrùn. Àmì ni, bí èéfín ṣe jẹ́ àmì. Èéfín lè ti inú igi ìdáná wá, ó lè ti ara táyà wá, ó sì lè jẹ́ pé ilé ló ń jó. Ẹni tó bá rí i, ṣe ló yẹ kó lọ wo ohun tó ń jó. Ẹ̀fọn lè fa ara gbígbóná. Ọ̀nà ọ̀fun lè fà á, etí lè fà á, ẹ̀dọ̀fóró lè fà á, ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà lè fà á. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gún ìka, tí wọ́n ń gba ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan, kí wọ́n tó fẹnu bà á pé ibà tí ẹ̀fọn ń fà ni. Mo ti sọ èyí nínú ilé wa títí ó fi sú èmi alára. Èsì tí mo máa ń gbà ni, “Àǹtí Tíṣà ti tún mú ìwé wọn dé.”

Níbo wá ni òkìkí ọwọ́ Jẹ̀lílì ti wá? Inú gọ́tà ni. Gọ́tà kan wà níwájú ilé wa tí omi rẹ̀ kì í lọ síwájú, tí kì í pa dà sẹ́yìn. Ọ̀rá omi ló dí i, àwọn tó sì ń jù ú sí i ni wọ́n ń gbé ọmọ wá bá Jẹ̀lílì. Ní ìgbà òjò, ẹ̀fọn inú gọ́tà náà kì í jẹ́ kí ilé kankan gbádùn, ibà á sì kún ilé gbogbo. Ẹni tó bá ń wí lójoojúmọ́ inú oṣù keje pé òjò yóò rọ̀, dandan ni kó jàre. Àwọn èèyàn wa á rántí ọjọ́ tó jàre, wọ́n á gbàgbé ìyókù.

Wọ́n gbàgbé ọ̀rọ̀ Akínyẹlé kíákíá, bẹ́ẹ̀ ojú gbogbo wa ló ṣe. Akínyẹlé, ayálégbé bíi tiwa, ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, géńdé ọkùnrin ni. Ara rẹ̀ gbóná, ó ń wúkọ́, ìhà kan sì ń dùn ún tó bá mí. Jẹ̀lílì gbé ọwọ́ lé e lọ́rùn.

“Ẹ́ńjìnnì ń hó. Lọ fọ̀ ọ́.”

Fífọ̀ ni ó ń pè é pé kí àgbàlagbà gbé oògùn ibà mì, kó fi àgbo lé e, bí ìgbà tí èèyàn da omi gba inú rédíétọ̀ kọjá kí ìpẹtà lè jáde. Akínyẹlé fọ ẹ́ńjìnnì. Ara rẹ̀ kò yé gbóná, ó tún un fọ̀. Ó ń fọ̀ ọ́ lọ títí tí kò fi lè sọ gbólóhùn kan tán láì sinmi. Ọsibítù ni wọ́n ti sọ fún un pé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ló kó àrùn, pé kò sí ibà kankan nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó padà sílé, ó rù bí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan. Ṣé ẹ rò pé ojú ti Jẹ̀lílì? Ohun tó kọ́kọ́ sọ nígbà tó rí i ni pé, “Mo ṣáà sọ pé ara ẹ̀ gbóná.”

Akínyẹlé alára ló wá dá a lóhùn pé, “Òótọ́ ni, Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ ọ́.” Mo wọ yàrá mi lọ.

Ọjọ́ kan ni mo wá mọ ohun tí ọwọ́ náà jẹ́ gan-an. Ọjọ́ Sátidé ni, ilé ìdáná kún. Shakirat, ìyàwó Jẹ̀lílì, fẹ́ sọ ìkòkò ẹ̀wà kalẹ̀, ó ń wá àkísà tó máa fi dì í mú. Jẹ̀lílì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, na ọwọ́ méjèèjì, ó gbé ìkòkò náà kúrò lórí iná, ó gbé e kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù kò sì já lẹ́nu rẹ̀. Mo wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó le, ó dúdú, ó ń dán bí awọ bàtà. Òjé àti irin gbígbóná ti jó o láti kékeré títí kò fi mọ ìyàtọ̀ láàrin iná àti afẹ́fẹ́ mọ́.

“Bàbá Saidat,” ni mo wí fún Jẹ̀lílì, “ọwọ́ tí ìkòkò gbígbóná kò lè bá wí, báwo ni ibà ọmọdé ṣe máa bá a sọ̀rọ̀?”

Gbogbo ilé ìdáná bú sẹ́rìn-ín. Èmi ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín.

“Tíṣà, ẹ ò mọ̀ ni,” ni Jẹ̀lílì dá mi lóhùn. “Ọwọ́ tó bá mọ iná ló ń mọ ibà. Ọwọ́ tiyín yẹn, ṣọ́ọ̀kì nìkan ló mọ̀.”

“Ẹ gbà á níbẹ̀, Àǹtí Tíṣà!” Abọ́sẹ̀dé ló pariwo bẹ́ẹ̀. Yàrá tó kọjú sí tèmi ló ń gbé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ kékeré, Awwal. Kò sí ohun tó dùn mọ́ ọn tó kí ẹlòmíràn bá òun ronú.

Mo lọ ra tẹmómítà ní ọ̀sẹ̀ náà. Mo fi hàn wọ́n. Mo ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fi í sí abíyá ọmọ tí wọ́n á fi dúró dìgbà tó bá dún. Wọ́n ní ó rẹwà. Abọ́sẹ̀dé béèrè bóyá ó lè gba rédíò.

Ní ìgbà òjò tó kọjá ni ọ̀rọ̀ wá kan Jẹ̀lílì fúnra rẹ̀. Saidat, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, ń gbé lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta. Ara Ummulkhair, ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tẹ̀ẹ̀tẹ̀ẹ̀, gbóná. Ohun tí obìnrin yìí ṣe ni pé ó gbé ọmọ pọ̀n, ó wọkọ̀ kọjá iwájú ọsibítù ìjọba kan, ó kọjá iwájú òmíràn ní Yaba, ó gbé ọmọ wá bá ọwọ́ bàbá rẹ̀ ní Mushin. Saidat kàwé o. Ó jáde iléèwé gíga. Mo sọ ọ́ kí ẹ má baà máa tan ara yín pé àìmọ̀wé ló ń fa irú nǹkan báyìí.

Jẹ̀lílì gbé ọwọ́ lé ọmọ náà lọ́rùn, ó gbé e lé e níkùn. Ọkùnrin tó ń pe gbogbo ara gbígbóná àdúgbò ní ibà, nígbà tó kan ọmọ ọmọ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò gbà á.

“Eyín ló ń yọ,” ó ní. “Ara ẹ̀ kàn ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Ibà wo? Ọmọ tèmi!”

Shakirat wá fi kúbùsù wé ọmọ náà láti orí dé ẹsẹ̀, kí òtútù má baà wọ̀ ọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ ń jó, wọ́n wá fi aṣọ òtútù dè é mọ́ iná.

Ní ọjọ́ kejì, ọmọ náà kọ ọmú. Ohun tí wọ́n bá fún un, ó ń bì í. Saidat tún gbé e lọ bá bàbá rẹ̀ kí ó tó jáde.

“Ó ti bọ̀ wálẹ̀,” ni Jẹ̀lílì wí. “Ẹ fún un ní ògì.”

Nígbà tí mo dé láti iléèwé lọ́sàn-án, Saidat jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ọmọ wà lórí itan rẹ̀ nínú kúbùsù, ògì ń hó lórí gáàsì. Jẹ̀lílì ti dé láti ṣọ́ọ̀bù wá jẹun. Mo wo ọmọ náà. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò wo ẹnì kankan. Mo pa àtẹ́wọ́ níwájú rẹ̀, kò mira.

“Saidat, ọmọ yìí kò sùn o. Ó ti ń dákú lọ. Tú kúbùsù yẹn kúrò lára ẹ̀, kí o sì gbé e lọ sí ọsibítù.”

“Bàbá ní ó ti bọ̀ wálẹ̀, mà.”

Mo mú tẹmómítà wá. Jẹ̀lílì fẹ́ fi ọwọ́ gbá a dànù, ṣùgbọ́n Saidat ti gbé apá ọmọ náà sókè. Nígbà tí ó dún, mo ka ohun tó wà lójú rẹ̀ sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́: ogójì, ó sì lé díẹ̀.

“Kí ni ogójì?” Shakirat béèrè.

“Méjìdínlógójì ti jẹ́ ara gbígbóná, Ìyá Saidat. Ogójì ni pé kí ẹ máa sáré.”

“Iṣẹ́ Ṣáínà!” Jẹ̀lílì gba tẹmómítà náà, ó tì í bọ abíyá ara rẹ̀. “Ẹ jẹ́ ká wò ó. Ẹ ó rí i pé ogójì náà ló máa sọ fún mi.” Ó dún. Ó yọ ọ́, ó sún un mọ́ ojú, ó sún un jìnnà, kò lè kà á. Abọ́sẹ̀dé ló kà á fún un. Mẹ́rìndínlógójì ni.

“Ó bá yín sọ òótọ́ o, Ẹ̀gbọ́n,” ni Abọ́sẹ̀dé wí. Ẹ̀rín kò sì sí lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

“Òótọ́ wo? Bátìrì ẹ̀ ti ń tán ni!”

Ògì ru sókè nígbà náà, ó fẹ́ dà sórí iná. Jẹ̀lílì na ọwọ́ sẹ́yìn, ó ká ìdérí irin kúrò lórí ìkòkò náà, ó sì dì í mú lọ́wọ́ tí ó ń bá ìjà rẹ̀ lọ. Ó ní èmi ni mo ń kó ìpayà bá ọmọ òun. Ó ní àwọn tíṣà ìsinsìnyí ò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ó ní ọwọ́ òun yìí, ọwọ́ òun yìí, ó sì ń fi ìdérí náà júwe bó ṣe ń sọ ọ́. Saidat gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀, ó dìde láti pa gáàsì, ó sì na ọwọ́ gba ìdérí lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

“Yéè!”

Ìdérí bọ́ sílẹ̀, ó ń yí gbiri lórí sìmẹ́ńtì. Saidat ti ìka bọ ẹnu. Ó yọ ọ́, ó wo ibi tó pọ́n lára ìka náà, ó wá wo àtẹ́lẹwọ́ bàbá rẹ̀ tó ṣì wà lókè, tí kò sí nǹkan kan lára rẹ̀.

“Kí ló dé?” Jẹ̀lílì béèrè. Kò mọ̀. Òótọ́ inú ni mo fi sọ fún yín pé ọkùnrin náà kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Kò sí àyè fún ẹnikẹ́ni láti ṣàlàyé fún un. Ojú Ummulkhair yí sókè, apá rẹ̀ le gbọnrangandan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

“Gìrì!” Shakirat figbe ta. “Ẹ mú ṣíbí wá! Ẹ mú àdín wá, ká là á lẹ́nu!”

Abọ́sẹ̀dé ti sáré wọlé lọ mú ṣíbí. Saidat gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

“Kí ẹnikẹ́ni má fi nǹkan sí ọmọ mi lẹ́nu! Àǹtí, kí ni kí n ṣe?”

Mo ní kó tẹ́ ọmọ sílẹ̀, kó fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kó tú kúbùsù, kó má dì í mú pinpin, kó má sì fún un ní ohunkóhun. A dúró. Kò pẹ́ púpọ̀ tí gbígbọ̀n náà fi dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò jí. Saidat gbé e mọ́ àyà, ó kọrí sí géètì láìwọ bàtà. Jẹ̀lílì sáré lọ dúró síwájú rẹ̀.

“Saidat, ṣé o fẹ́ dójú tì mí lójú ayálégbé ni? Lójú Tíṣà?”

Ẹ gbọ́ ohun tó ń dun ọkùnrin náà.

“Bàbá,” ni Saidat wí, “ẹ kúrò lọ́nà.”

Ó kúrò. Mo bá Saidat wọ kẹ̀kẹ́ márúwá, a gba ọ̀nà ọsibítù ìjọba lọ. Ní gbogbo ọ̀nà, kò sọ ju “Ṣé ó ń mí?” lọ, èmi náà kò sì dáhùn ju “Ó ń mí” lọ.

Nọ́ọ̀sì gún ìka ọmọ náà, ó kán ẹ̀jẹ̀ sórí ike pẹlẹbẹ kékeré kan, ìlà méjì sì yọ lójú ike náà. Ibà tí ẹ̀fọn ń fà ni, ó sì ti le. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ sójú iṣan, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, wọ́n sì dá a dúró síbẹ̀. Dókítà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí kò rẹ́rìn-ín rárá, bi Saidat ìgbà tí ara ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná àti ibi tí wọ́n ti wà láti ìgbà náà.

“Wọ́n ní eyín ni, mà.”

“Ta ni wọ́n?”

Ibà tí Jẹ̀lílì ti ń rí lára gbogbo ayé wá dé ilé rẹ̀ wàyí, ó sì pè é ní eyín.

Ummulkhair yè. Mo tètè sọ ọ́ nítorí pé n kì í ṣe ẹni tó ń fi ẹ̀mí ọmọdé ṣe àrékérekè ìtàn. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, Saidat gbé e wá sí ilé wa láti wá kó ẹrù tó fi sílẹ̀. Ó ti ra tẹmómítà tirẹ̀. Ó ti ra nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn pẹ̀lú.

Jẹ̀lílì jókòó sórí àpótí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Kò tilẹ̀ pẹ́ tí ó fi rí ìtumọ̀ fún ọ̀rọ̀ náà. Mo gbọ́ ọ tó ń sọ fún àwọn èèyàn pé, “Ọwọ́ mi ló sọ fún mi pé kí n má dá Saidat dúró. Ká ní mo dá a dúró ńkọ́?” Wọ́n sì ń mi orí. Àwọn tó wà níbẹ̀, tí etí wọn gbọ́, tí ojú wọn rí, wọ́n ń mi orí.

Abọ́sẹ̀dé wà lára wọn. Awwal wà lápá rẹ̀, ó ń sunkún, imú rẹ̀ ń ṣomi. Obìnrin tó fi ẹnu ara rẹ̀ ka mẹ́rìndínlógójì!

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi fọwọ́ kan ọmọ yìí wò. Láti òwúrọ̀ ló ti ń ṣe báyìí.”

Jẹ̀lílì nu àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. Ó nà án síta.

Saidat jáde láti ilé ìdáná. Ó pọn Ummulkhair, àkísà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi àkísà náà di ìdérí ìkòkò mú. Oòru ń ru lára irin náà. Ó rọra gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ bàbá rẹ̀ tó là sílẹ̀.

“Kí lèyí?” ni Jẹ̀lílì wí, ó sì dì í mú.

“Àǹtí Abọ́sẹ̀dé,” ni Saidat wí, “ẹ fọwọ́ kàn án.”

Abọ́sẹ̀dé fi orí ìka kan án, ó sì já ọwọ́ gbà kíá. Ó wo Jẹ̀lílì. Jẹ̀lílì ń wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń retí kí ẹnì kan sọ ohun tó pani lẹ́rìn-ín fún òun. Abọ́sẹ̀dé gbé Awwal sí èjìká, ó wọ sílípáàsì rẹ̀, ó sì gba géètì lọ, ó kọrí sí ọ̀nà ọsibítù. A fi Jẹ̀lílì sílẹ̀ lórí àpótí rẹ̀, ìdérí lọ́wọ́, oòru ń ru láàrin ìka rẹ̀.